Dókítà Grantly Dick-Read àti Ẹ̀rù Ìrọbí

Ìlú Beccles, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a gbé bí Grantly Dick-Read ní ọdún 1890. Ó kàwé ní Yunifásítì Cambridge, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Whitechapel, àdúgbò àwọn tálákà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ó ti gbẹ̀bí obìnrin kan tí ó kọ oògùn apàrora tí ó fi lọ̀ ọ́. Obìnrin náà bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì wí pé kò dun òun. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn dókítà náà mọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nínú èyí tí ó fara gbọgbẹ́ ní Gallipoli, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí àwọn tí ń rọbí. Ó ní obìnrin tí ẹ̀rù bá a máa ń le gbogbo ara; ara líle a máa dènà iṣẹ́ ilé-ọmọ; ìrora a pọ̀ sí i, ẹ̀rù a sì gorí ẹ̀rù. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀ràn yìí jáde ní 1933. Èyí tí ó sọ ọ́ di olókìkí tẹ̀ lé e ní 1942.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò le: kí aboyún mọ bí ọmọ ti ń wáyé kí ọjọ́ tó pé; kí ó máa rọra mí kanlẹ̀ bí ìrọbí bá mú un; kí ó dẹ ara sílẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀; kí a má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ takò ó kí ó tó kú ní 1959.

Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Áfíríkà ní ẹjọ́ kan láti bá a rò. Ó kọ ọ́ pé ìrora ìbímọ kò tó nǹkan fún àwọn obìnrin tí ọ̀làjú kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ì bá gbọ́ èdè Yorùbá, ì bá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ara wa, tí a sì ń kí ìyá ìkókó kú ewu ọmọ, mọ ohun tí ìrọbí jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀kọ́ ọkùnrin yìí bú obìnrin tí ó ké, tàbí èyí tí ó bèèrè oògùn.

Síbẹ̀, èyí tí ó dára nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbani níyànjú pé kí ẹni tí ń rọbí ní ẹni tí ó bá yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa mọ bí ara wọn ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀rù má baà ṣáájú wọn dé yàrá ìrọbí.