Byron Nelson àti Ẹni tí ó Ru Àpò Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ ti rí àwọn alábàárù tí ń gbé ẹrù oníbàárà la àárín èrò kọjá. Bí alábàárù bá kọsẹ̀, tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀ tí ó sì fọ́, òun ni ó jẹ̀bi. Síbẹ̀ ẹni tí ó ni ẹrù ni yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Irú ọ̀ràn báyìí ni ó dé bá Byron Nelson, ará Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ gọ́ọ̀fù gbá jùlọ láyé.

Kí ìtàn rẹ̀ tó lè yé wa dáradára, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí eré náà ti rí. Bọ́ọ̀lù kékeré líle kan ni a ń fi ọ̀pá gbá lórí pápá gbọọrọ títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Ihò 18 ni a ń gbá a yí ká, lórí irú pápá tí ó wà ní Ìkòyí ní ìlú Èkó. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jùlọ ni ó borí. Ọ̀pá tí eléré lè mú lọ sórí pápá kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Inú àpò ńlá kan ni wọ́n ń wà, ẹlòmíràn ni ó sì máa ń ru àpò náà tẹ̀lé e. Òfin eré yìí ka eléré àti ẹni tí ó ru àpò rẹ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn baba wa a máa wí pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n nínú gọ́ọ̀fù, ìka kan lè ṣẹ̀ kí a sì gé òmíràn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1912 ni a bí Byron Nelson, ní oko òwú kan nítòsí ìlú Waxahachie ní ìpínlẹ̀ Texas. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Fort Worth. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ibẹ̀ tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun fi dá a dùbúlẹ̀. Ó rù hangogo, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kù díẹ̀ kí ìwọ̀n ara rẹ̀ dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n kò kú. Ní ọmọ ọdún 12 ó bẹ̀rẹ̀ sí i ru àpò fún àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù ní Glen Garden, kí ó lè rí owó díẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà ni Ben Hogan, tí òun pẹ̀lú di olókìkí lẹ́yìn ọ̀la. Ní ọdún 1927, nígbà tí a ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ tí ń ru àpò, díẹ̀ ni Nelson fi borí Hogan. A rí i báyìí pé kí ó tó di ẹni tí a ń ru àpò fún, òun pẹ̀lú ti fi èjìká rẹ̀ ru ti ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1932 ó sọ eré náà di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó gba ife ẹ̀yẹ Masters ní ọdún 1937 àti 1942, ó gba ti PGA ní 1940 àti 1945, ó sì gba ìdíje gbogbogbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí à ń pè ní U.S. Open, ní ọdún 1939. Ṣùgbọ́n ọdún 1945 ni òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ. Ìdíje 18 ni ó borí ní ọdún kan ṣoṣo náà, mọ́kànlá nínú wọn tẹ̀ lé ara wọn láìsí ẹni tí ó dá a dúró. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó tíì ṣe irú rẹ̀. Kì í sì í ṣe òkìkí nìkan ni ó ń lé. Ó ń fẹ́ ra ilẹ̀ tí òun àti Louise aya rẹ̀ yóò ti máa sin màlúù, owó tí ó ń jẹ ní ìdíje kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń tọ́jú pamọ́ sí i.

Nítorí ogun àgbáyé kejì, a kò ṣe ìdíje U.S. Open láti 1942 títí dé 1945. Nígbà tí ogun parí, a tún gbé e kalẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1946 ní pápá Canterbury, nítòsí ìlú Cleveland. Èrò wá bí eṣú. Ní ayé ìgbà náà, àwọn òǹwòran a máa rìn lórí pápá pẹ̀lú àwọn eléré, okùn lásán ni àwọn olùtọ́jú pápá sì fi ń dá wọn dúró bí eléré bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ìpele kẹta ìdíje náà, Nelson gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ síwájú, èrò sì rọ́ yí i ká, wọ́n sún mọ́ ọn púpọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó ru àpò Nelson ń wá ọ̀nà láti dé ìdí bọ́ọ̀lù náà. Ó tẹ̀ba, ó gba abẹ́ okùn kọjá pẹ̀lú ẹrù wúwo lórí èjìká rẹ̀, kò sì rí ohun tí ó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ó ti ń nàró ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù ọ̀gá rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì kúrò ní ipò rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n òfin kò bèèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n mọ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n mọ̀. A fi ẹyọ kan kún iye Nelson, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà.

Kí ni ẹyọ kan lára ohun tí ó lé ní igba ó lé ọgọ́rin? Nígbà tí ìpele mẹ́rin parí, ènìyàn mẹ́ta ni ó wà lókè pẹ̀lú 284: Nelson, Vic Ghezzi àti Lloyd Mangrum, ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí náà. Bí a bá yọ ẹyọ kan yẹn kúrò, Nelson nìkan ni ìbá gba ife. Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún gbá ihò 18, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní 72. Wọ́n tún gbá 18 mìíràn. Mangrum ní 72, Nelson àti Ghezzi ní 73. Báyìí ni ẹyọ kan tún gba ife lọ́wọ́ Nelson.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa di gbogbo ẹ̀bi náà ru ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ yóò rántí pé Nelson fúnra rẹ̀ ṣi bọ́ọ̀lù gbá ní àwọn ihò ìparí, nígbà tí ife ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran pẹ̀lú ti sún mọ́ bọ́ọ̀lù ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó gbẹ̀yìn fọwọ́ kan ìkòkò nìkan kọ́ ni ó fọ́ ọ.

Ní ìparí ọdún náà, Nelson fi ìdíje sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 34. Kì í ṣe ìbínú nítorí ife tí ó sọnù ni ó lé e kúrò. Eré ti sú u, ilẹ̀ màlúù tí ó ń fẹ́ sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Roanoke ní Texas. Ibẹ̀ ni ó gbé títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré, Tom Watson sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti ọdún 1968 ni ìdíje kan ní agbègbè Dallas ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ń mú owó wá fún ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Nelson kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, ẹni ọdún 94. Kò tún gba ife U.S. Open mọ́ láti ọdún 1939 títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó ń dá nìkan dé òkè. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kí a bá òun ru ẹrù, kí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ó ń gbé ẹrù náà lè yọ̀. Bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ó tún omi pọn. Ife kan dànù lọ́wọ́ Byron Nelson ní Canterbury, ṣùgbọ́n orúkọ rere rẹ̀ kò fọ́.