Má Fi Àwọ̀ Dájọ́: Ìgbésí Ayé Elijah McCoy

Lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe olóṣèlú, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe olórin ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ rò. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ kà á délẹ̀ ná.

Ìdí tí mo fi mú un rèé. Ní táàmù tó kọjá, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì tó máa ń gbé àwa kan wá sílé ìwé nọ́ọ̀kì. Awakọ̀ yẹn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, máa ń fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ láràárọ̀, á fi àkísà nù ún, á tún kì í bọ̀ ọ́, á wá wò ó. Tó bá ti rí i pé kò dúdú jù, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ọ́ìlì ṣì dáa. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà dákú sójú ọ̀nà, mẹkáníìkì tú u, ó sì rí i pé àwọn béárìn inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ tán. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ìyàwó Bàbá ti lọ yáwó kí wọ́n tó rí ẹ́ńjìnnì míì rà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Mo wá ń bi ara mi pé, báwo lèèyàn tiẹ̀ ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì gba ọ́ìlì? Ibi tí mo ti ń wádìí ni mo ti pàdé Elijah McCoy.

Ìbí rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀

Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1844 ni wọ́n bí Elijah McCoy ní Colchester, ní ìpínlẹ̀ Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. George lorúkọ bàbá rẹ̀, Mildred lorúkọ ìyá rẹ̀. Ẹrú làwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀ ní Kentucky, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n sá kúrò lóko ẹrú, wọ́n gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kan táwọn olóore fi ń mú àwọn ẹrú kọjá sí Kánádà, níbi tí òfin ti fagi lé kíkó èèyàn lẹ́rú. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe rélùwéè rárá, kò sì sí lábẹ́ ilẹ̀. Láti ilé kan sí ilé kejì ni wọ́n ń fi èèyàn pa mọ́ títí tó fi máa kọjá ààlà. Ọmọ àwọn tó gba rélùwéè tí kò ní irin yẹn ló wá di ẹni tó tún rélùwéè gidi ṣe.

Nígbà tí Elijah ṣì kéré, ìdílé náà padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ dó sí ìlú Ypsilanti ní ìpínlẹ̀ Michigan. Láti kékeré ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 15, àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sí Edinburgh ní Scotland kó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹ rò ó wò, ó fi ọdún kan kéré sí èmi tí mò ń kọ èyí, ó sì dá wọkọ̀ ojú omi kọjá òkun. Ó kọ́ṣẹ́ náà yanjú, ó sì padà wálé ní ẹnjiníà gidi.

Ṣọ́bìrì ni wọ́n gbé fún un

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bà mí nínú jẹ́ nìyí. McCoy lọ wáṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè Michigan Central. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti parí nígbà yẹn, wọ́n sì ti fòpin sí oko ẹrú, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò tíì yí ọkàn padà. Wọn ò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè jẹ́ ẹnjiníà. Iṣẹ́ tí wọ́n rí fún un ni kó máa fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin, kó sì máa gbé agolo ọ́ìlì kiri láti fi sára àwọn irin tó ń yí. Ó gbà á. Ojú ẹnjiníà ló sì fi ń wo iṣẹ́ náà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó rí. Nínú ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà yẹn, iná èédú ló ń se omi nínú ìkòkò irin ńlá kan. Ooru omi náà á wá máa ti písítìn lọ bọ̀ nínú sílíńdà, písítìn á sì máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irin ń ha irin ni. Tí ọ́ìlì ò bá sí láàárín wọn, wọ́n á gbóná, wọ́n á ha ara wọn títí wọ́n á fi gan pọ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rọ ọ́ìlì sínú sílíńdà tí ooru omi ń ti bọ̀ tagbáratagbára? Ńṣe ló máa tu ú padà síta. Nítorí náà, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí tí awakọ̀ bá ti ooru omi pa, ni wọ́n sábà máa ń fi ọ́ìlì sí i. Àwọn irin ìta náà, àfi kí ọkọ̀ dúró kí wọ́n tó lè fi agolo kàn wọ́n. Ìdúró pọ̀, àkókò ń ṣòfò. Ìfojúdíwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ sì jẹ́: tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, owó ṣòfò, tó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì bà jẹ́.

Ohun tó hùmọ̀

Ọgbọ́n tí McCoy dá ni pé ooru omi tó ń dí ọ́ìlì lọ́wọ́ yẹn gan-an ni kó wá ṣiṣẹ́ náà. Ó ṣe ife ọ́ìlì kan tó jókòó lórí sílíńdà, ó sì fi ọ̀pá kékeré sínú rẹ̀. Tí ooru omi bá wọ sílíńdà, á ti ọ̀pá náà sókè, ọ̀pá á ṣí ẹnu ife, ọ́ìlì á wọlé. Tí ooru omi bá dáwọ́ dúró, ọ̀pá á padà sílẹ̀, ẹnu ife á pa dé. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ló ń gba ọ́ìlì; tó bá ń sinmi, kò gba nǹkan kan. Kò sí pé ẹnì kan ń fojú díwọ̀n mọ́.

Ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1872 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan kí ẹlòmíì má bàa gbà á ṣe. Nọ́ńbà ìwé náà ni 129,843.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí n sọ, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú sí i. John Ramsbottom ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ohun tó ń fọ́nu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ láti ọdún 1860. Àtúnṣe ni McCoy fúnra rẹ̀ pe tiẹ̀ nínú ìwé náà. Ohun tó mú kí tiẹ̀ yàtọ̀ ni pé kò dúró síbẹ̀. Ó ju ogójì ọdún lọ tó fi ń tún un ṣe, tó ń tún àtúnṣe ṣe. Kì í ṣe rélùwéè nìkan ló lò ó, ó dé inú ọkọ̀ ojú omi àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa kú, nǹkan bíi pátẹ́ǹtì 57 ló ti gbà, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Tábìlì ìlọṣọ wà níbẹ̀ ní 1874, ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi sí koríko náà wà níbẹ̀ ní 1899.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ooru omi tó gbóná kọjá ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń jó ọ́ìlì dànù. McCoy ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà yẹn. Ní 1915, ó gba pátẹ́ǹtì fún èyí tó ń po graphite mọ́ ọ́ìlì. Graphite ni nǹkan dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù wa. Ó ń yọ̀, iná kì í sì í tètè jó o bíi ti ọ́ìlì.

Wọ́n ní tèèyàn bá fẹ́ ojúlówó nǹkan l'Amẹ́ríkà, á ní McCoy gidi lòun fẹ́, pé ọ̀dọ̀ Elijah ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Àwọn tó ń ṣèwádìí èdè ò fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Scotland kó tó ṣe ife ọ́ìlì àkọ́kọ́. Lójú tèmi, kò nílò òwe kankan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó níyì.

Ìdílé rẹ̀ àti ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ayé ò fi gbogbo ara rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ann Elizabeth Stewart, tó fẹ́ ní 1868, kú ní 1872, ọdún kan náà tó gba pátẹ́ǹtì àkọ́kọ́. Ní 1873 ó fẹ́ Mary Eleanora Delaney, wọ́n sì kó lọ sí Detroit ní 1882. Obìnrin náà wà lára àwọn tó dá ilé ìtọ́jú àwọn àgbà obìnrin aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní ìlú yẹn.

Owó ńkọ́? Ọwọ́ ẹlòmíì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí. Kó lè rówó ṣe èyí tó kàn, ńṣe ló ń ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí àwọn tó ti ṣe. Ọdún 1920 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1922, òun àti Mary ní ìjàǹbá mọ́tò. Mary kú ní 1923, ara tiẹ̀ náà ò sì yá dáadáa mọ́. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1929 ló kú nílé ìtọ́jú kan nítòsí Detroit, lẹ́ni ọdún 85. Ní 2001, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọlọ́pọlọ onímọ̀ ẹ̀rọ tí Amẹ́ríkà ń bọlá fún, ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì tí ìjọba ṣí sí Detroit ní 2012 náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì dé lẹ́yìn rẹ̀

McCoy yanjú bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa rí ọ́ìlì gbà lásìkò. Ó wá ku bí a ṣe máa mọ ìgbà tí ọ́ìlì ti gbó. Àwọn ará rélùwéè náà ló tún mú ọ̀nà ibẹ̀ wá. Nígbà tí ọkọ̀ oní-dísù ń gbapò lọ́wọ́ oní-ooru omi, ní 1946, ilé iṣẹ́ Denver and Rio Grande Western bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò lọ sí láàbù.

Ní láàbù, wọ́n máa ń jó ọ́ìlì díẹ̀, wọ́n á wo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde. Irin, bàbà, òjé, alumíníọ̀mù, kálukú ló ní ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń sọ ohun tó ń jẹ nínú ẹ́ńjìnnì láìtú u. Tí irin bá pọ̀, ó lè jẹ́ sílíńdà tàbí ríìngì. Tí bàbà àti òjé bá pọ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ béárìn, irú èyí tó pa ọkọ̀ Bàbá. Alumíníọ̀mù sábà máa ń wá láti ara písítìn. Tí èròjà yanrìn àti irin bá jọ gòkè, eruku ń wọlé, kí wọ́n lọ wo fílítà afẹ́fẹ́. Tí èròjà inú omi rédíétọ̀ bá hàn, omi ń jò sínú ọ́ìlì. Wọ́n tún máa ń wò bóyá ọ́ìlì ti ṣàn jù, bóyá dísù ti dà mọ́ ọn, àti bóyá agbára tó fi ń pa ásíìdì ṣì kù nínú rẹ̀.

Àyẹ̀wò kan ṣoṣo ò tó. Ká ní irin jẹ́ 20 nínú mílíọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kíní, ó jẹ́ 22 lẹ́ẹ̀kejì, tó wá fò dé 60 lẹ́ẹ̀kẹta, tí ìrìn ọkọ̀ ò sì yàtọ̀, ewu ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá dúró dáadáa léraléra, wọ́n lè sún ìgbà ìpààrọ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Láìsí àyẹ̀wò, ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ ni kéèyàn tẹ̀ lé. Ọkọ̀ tó ń rìn nínú eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gbọ́dọ̀ tètè pààrọ̀, torí tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kìlómítà ò ní kúrò níbi tó wà, ọ́ìlì á sì máa gbó lọ.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù máa ń dúdú kété tí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ó ń gbé èéfín dání kó má bàa lẹ̀ mọ́ irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Èyí tó sì mọ́ lójú lè ní eruku tàbí dísù nínú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́

Àwọ̀ ni Bàbá fi dá ọ́ìlì lẹ́jọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ sí i. Àwọ̀ náà ni àwọn ará rélùwéè yẹn fi dá McCoy lẹ́jọ́. Ẹnjiníà wà lọ́wọ́ wọn, ṣọ́bìrì ni wọ́n gbé fún un. Orí wọn ló bá wọn ṣe é tí kò fi jù ú sílẹ̀ kó máa lọ. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tó kéré sí yín lé yín lọ́wọ́, ẹ má kàn máa kùn. Ẹ wo inú iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín sì ní ọkọ̀, ẹ bi wọ́n nírọ̀lẹ́ òní, kìlómítà mélòó ni ọ́ìlì yẹn ti rìn? Tí wọ́n bá ní ó ṣì mọ́ lójú, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ojú nìkan kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n.