IBNU SINA: ONÍṢÈGÙN TÓ KỌ̀WÉ LÓRÍ ARÀN INÚ

 

Ẹni ńlá tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni Abu Ali al-Husayn ọmọ Abdullah, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ibnu Sina, tí àwọn Òyìnbó sì ń pè ní Avicenna. Ìdí tí a fi mú un kò jìnnà. Ní àkókò òjò kan ní Ìsọlọ̀ níbí, ọmọ kan nínú kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀ sí rù, ikùn rẹ̀ sì ń yọ. Bí ó bá gbé wàláà, oorun ni yóò máa kùn ún. A bá a wí pé ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ rò pé ayé ló ń ṣe é. A ṣe àdúà, a fọ wàláà fún un mu, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n ọkàn wa kò lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí ó bi aràn gígùn kan jáde ni ojú gbogbo wa là. Ìtìjú ni ó jẹ́ fún wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ aràn yìí ti wà nínú ìwé Lárúbáwá láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ọdún 980, tí í ṣe ọdún 370 Hijra, ni wọ́n bí Ibnu Sina ní abúlé Afshana, nítòsí ìlú Bukhara, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Uzbekistan lónìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti há Àlùkùráánì. Ó kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́, ó sì kọ́ òfin ẹ̀sìn lọ́dọ̀ àáfà kan tí à ń pè ní Isma'il al-Zahid. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kíyèsí i: kò fojú di olùkọ́ kankan nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ń tọ́jú aláìsàn. Láìpẹ́, ara ọba Bukhara, Nuh ọmọ Mansur, kò yá, wọ́n sì pe ọmọdé yìí mọ́ àwọn àgbà oníṣègùn. Ẹ̀bùn tí ó bèèrè kì í ṣe owó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ inú ilé ìkówèésí ọba. Wọ́n ròyìn pé ó ka ìwé Aristotle kan ní ogójì ìgbà láì yé e, títí ó fi ra ìwé al-Farabi kan ní ọjà ní dírámù mẹ́ta. Nígbà tí ó yé e, ó ṣe sàráà fún àwọn aláìní.

Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, kò rójú mọ́. Láti ìlú dé ìlú ni ó ń lọ: Gurganj, Jurjan, Rayy, Hamadan. Ní Hamadan ó di olórí ìjọba lábẹ́ ọba, àwọn ọmọ ogun dìde sí i, wọ́n sì tún wá fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin. Síbẹ̀ kò fi gègé sílẹ̀. Nínú ìrìn yìí ni ó ti kọ al-Qanun fi al-Tibb, ìwé ìṣègùn alápá márùn-ún. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn ní ìlú Toledo, ó sì pẹ́ títí tí àwọn yunifásítì Yúróòpù fi ń kọ́ ènìyàn láti inú rẹ̀.

Nínú ìwé yìí ni ó ti ya aràn inú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó gùn, èyí tó pẹlẹbẹ tó ń já bí hóró igbá, àti àwọn wẹ́wẹ́. Ó sọ nípa sòbìà pẹ̀lú, tí Lárúbáwá ń pè ní iṣan Medina, àti bí a ṣe ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà já. Sòbìà yìí mú ju 650,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n kà á ní ìparí ọdún 1980 sí 1989. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Omi mímọ́ àti sísẹ́ omi ló ṣe é.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ bo òótọ́. Àwọn àáfà bíi Imam al-Ghazali takò ó lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ aràn gan-an, ó ṣì í: ó rò pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó rà nínú ìfun ló ń di aràn. Ó tó nǹkan bí 650 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí Francesco Redi ti ilẹ̀ Ítálì tó kọ ọ́ ní 1684 pé aràn ní akọ àti abo, wọ́n sì ń yé ẹyin. Ní 1922, dókítà Koino ti ilẹ̀ Japan gbé ẹyin aràn 2,000 mì fúnra rẹ̀, ó sì rí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú itọ́ tó ń wú. Báyìí ni ìmọ̀ ṣe ń lọ síwájú.

Ohun tí a mọ̀ lónìí nìyí. Abo aràn gígùn náà lè tó rúlà kíláàsì, ó sì lè yé ẹyin 200,000 lóòjọ́. Inú ìgbẹ́ ni ẹyin náà ń bá jáde, yóò sì lo bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nínú ilẹ̀ kí ó tó lè mú ènìyàn. Bí ọmọ bá gbé e mì, yóò pa nínú ìfun, yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò gba ẹ̀dọ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, yóò gun ọ̀fun, ọmọ yóò sì tún gbé e mì padà sínú ìfun. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè kọ́kọ́ máa wúkọ́. Nínú ìfun, aràn kì í bí aràn: bí aràn 20 bá wà nínú ọmọ, ó kéré tán ẹyin 20 ló gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, kì í ṣe ṣúgà tàbí ẹran ló ń dá a sílẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń sọ. Ìgbẹ́ ni.

Ẹran ọ̀sìn náà ní tirẹ̀. Ẹyin aràn ajá lè wọ inú ọmọ tó ń fi ilẹ̀ ṣeré. Èyí tó ń gbé inú àgbò ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu; ẹ wo inú ìpéǹpéjú àgbò Iléyá kí ẹ tó sanwó, bí ó bá funfun, ẹ ṣọ́ra.

Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, nígbà tí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà kún, omi náà kì í dá wọlé. Ó ń gbé ohun tó wà nínú ṣáláńgá wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí wọ́n tó jẹun. Ẹ fọ èso àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Ẹ wọ bàtà fún wọn, nítorí aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Hóró oògùn kan ní ilé ìwòsàn lè pa aràn gígùn, ṣùgbọ́n kò ní kí òmíràn má wọlé. Ìmọ́tótó tí ẹ̀sìn wa fi ṣe ilẹ̀kùn ìrun, kò yẹ kí ó parí sí orí àlùwàlá.

Inú rírun ló pa Ibnu Sina, nínú oṣù Ramadan ọdún 428 Hijra, tí í ṣe 1037, ní Hamadan. Nígbà tí ó mọ̀ pé ọjọ́ ti dé, ó fi ohun ìní rẹ̀ ṣe sàráà, ó dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń parí Àlùkùráánì ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Ọmọ kíláàsì wa yẹn gbádùn, oorun sì dá lójú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun foríjì wá lórí ohun tí a kò mọ̀, kí Ó sì fi ìmọ̀ tó ní àǹfààní ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Àmín.