Alex Kyerematen: Ọ̀mọ̀wé tó wá ibùdó fún àwọn oníṣẹ́ ọnà Kumasi

Ní ọdún 1951, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ Gold Coast tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ghana lónìí, ọmọ Aṣáńtì kan dá ilé àṣà sílẹ̀ ní ìlú Kumasi.

Kì í ṣe ibi tí wọn yóò kàn kó ohun àtijọ́ pa mọ́ sí ni ilé náà. Nínú ọgbà kan ṣoṣo ni àwọn ohun èlò ọba, ahunṣọ, agbẹ́gilére, onílù àti oníjó ti pàdé.

Alexander Atta Yaw Kyerematen ni ẹni náà. Ó kú ní ọdún 1976, ṣùgbọ́n títí di òní ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣì ń jókòó ti iṣẹ́ wọn nínú ọgbà tó fi sílẹ̀.

Ta ni Kyerematen?

Ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Láàárín àwọn Akan, Atta ni orúkọ tí wọ́n ń sọ ìbejì, Yaw sì ni ti ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí ní Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí wọ́n bí i, kò sí Asantehene lórí ìtẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú Ọba Prempeh Kìíní ní ọdún 1896. Wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles, níbi tó ti lo ọdún gbọọrọ.

Kyerematen jẹ́ ọmọ ọdún bíi mẹ́jọ nígbà tí wọ́n gbà kí ọba náà padà wálé ní ọdún 1924. Bí ará ìlú lásán ni wọ́n dá a padà, wọn kò dá a padà bí ọba gbogbo Aṣáńtì. Ó di ọdún 1935, nígbà ayé Prempeh Kejì, kí ìjọba amúnisìn tó gbà kí oyè Asantehene padà bọ̀ sípò.

Ìyẹn ni pé ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún ni Kyerematen nígbà tí àwọn àgbà Aṣáńtì ń ṣa àfọ́kù ìjọba wọn jọ. Iṣẹ́ àṣàjọ yìí náà ló padà di iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí ogun kó lọ

Kí ẹnikẹ́ni tó lè mọ ìwúlò ohun tó ṣe, ó yẹ kó mọ ohun tí Kumasi ti pàdánù.

Ní oṣù Kejì ọdún 1874, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kumasi, wọ́n kó ààfin, wọ́n sì dáná sun ìlú. Lára àwọn ohun èlò wúrà tí wọ́n kó lọ ló wá di ohun àfihàn ní British Museum àti Victoria and Albert Museum ní London.

Ní ọdún 1900, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì béèrè Àpótí Wúrà, èyí tí àwọn Aṣáńtì gbà pé inú rẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn wà. Ọba kankan kì í jókòó lé e. Ìbéèrè yìí ló dá ogun tí Yaa Asantewaa ṣe aṣáájú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Aṣáńtì pàdánù nínú ogun náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òyìnbó kò tẹ Àpótí Wúrà.

Àdánù mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí. Ààfin ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà nílẹ̀ Aṣáńtì. Alágbẹ̀dẹ wúrà, ahunṣọ, agbẹ́gilére àti àwọn tó ń ṣe agboòrùn ńlá, ọba àti ìjòyè ni oníbàárà wọn pàtàkì. Bí ìtẹ́ bá ṣófo, ọwọ́ á dilẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì dilẹ̀ pẹ́, ọmọ kò ní rí ohun tí yóò kọ́ lọ́dọ̀ bàbá.

Ilé àṣà ọdún 1951

Ọgbà tí Kyerematen dá sílẹ̀ kò jìnnà sí Kejetia, ojúkò ọjà Kumasi. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ashanti New Town, àdúgbò tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ash Town, tó wà nítòsí ààfin Manhyia, lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ṣòwò ní Kumasi kí àṣẹ ọdún 1969 tó lé wọn kúrò ní Ghana mọ agbègbè náà dáadáa.

Asantehene Prempeh Kejì àti Ìgbìmọ̀ Asanteman, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọba àti ìjòyè Aṣáńtì, ló ṣe alátìlẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọgbà náà ni wọ́n kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, láti fi ṣe ìrántí ọdún 25 tí Prempeh Kejì gorí oyè ní Kumasi. Wọ́n kọ́ ọ bí ilé Aṣáńtì àtijọ́, tí yàrá yí àgbàlá ká, gẹ́gẹ́ bí agbo ilé Yorùbá.

Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni ayédèrú àpótí wúrà tí àwọn Aṣáńtì fi tan àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ. Àpò awọ kan náà wà níbẹ̀, tí ìtàn sọ pé Okomfo Anokye ló fi lé Ọba Osei Tutu lọ́wọ́. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tú u wò.

Ṣùgbọ́n ìta ilé yìí ni ọgbà náà ti yàtọ̀ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn. Àyè wà fún oníṣẹ́ ọnà láti ṣiṣẹ́ kí ó sì tà á lójú ẹsẹ̀, gbàgede wà fún ìlù àti ijó, ilé ìkàwé náà sì wà níbẹ̀.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní agbègbè Kumasi ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kente ni ti Bonwire. Òfì tóóró ni wọ́n fi ń hun ún, wọ́n á wá rán an pọ̀ bí àwọn ará Ìsẹ́yìn ṣe ń ṣe aṣọ òkè. Adinkra ni ti Ntonso: àfọ́ igbá ni wọ́n máa ń gbẹ́ àmì sí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ inú aró dúdú tí wọ́n sè láti ara èèpo igi, wọ́n á sì fi lu aṣọ. Igi gbígbẹ́ ni ti Ahwiaa.

Àwọn ará Krofofrom ló ń rọ idẹ. Wọ́n á fi ìda mọ àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á dáná sí i kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè tó ṣófo náà. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn àgbà Ilé-Ifẹ̀ fi ṣe orí idẹ tí ayé ń wò lónìí.

Ẹni tó bá ti wo ohun èlò ọba tán nínú ilé lè jáde síta kó rí irú ọwọ́ tó ṣe é. Ọmọ ilé ìwé tó bá wá wòran rí i pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè, àti pé òun náà lè kọ́ ọ.

Nílẹ̀ Yorùbá, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà ní Èsìẹ́ láti ọdún 1945, ti Ilé-Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1954. Ó di ọdún 1962 kí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier tó dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Twins Seven-Seven ti gba orúkọ. Kumasi ti pa ohun méjèèjì pọ̀ sójú kan ṣáájú ìgbà náà.

Nígbà tí òṣèlú gbóná

Kò pẹ́ tí wọ́n dá ilé àṣà náà sílẹ̀ tí Kumasi fi dàrú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1954, ẹgbẹ́ National Liberation Movement fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ta ko Kwame Nkrumah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, CPP. Ẹgbẹ́ tuntun náà fẹ́ kí àwọn ẹkùn ní agbára tiwọn, Nkrumah sì fẹ́ kí ìjọba wà lójú kan. Ìjà yìí mú ẹ̀mí lọ, wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí ilé.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọgbà tí ọba Aṣáńtì ń ṣe alátìlẹ́yìn rẹ̀ lè tètè di ohun ìjà lọ́wọ́ olóṣèlú, tàbí kí ìjọba tì í pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ghana gba òmìnira ní ọdún 1957, nígbà tó sì di ọdún 1963, ilé tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti Aṣáńtì di ilé àṣà orílẹ̀-èdè Ghana, pẹ̀lú Nkrumah lórí àlééfà. Ogún Aṣáńtì di ogún gbogbo Ghana láìkúrò ní Kumasi.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun àti ọlọ́pàá gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní ọdún 1966, Kyerematen ṣe kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Alan Kyerematen, náà padà di mínísítà, ó sì du ipò ààrẹ Ghana.

Ìwé tó fi sílẹ̀

Kyerematen mọ̀ pé ohun èlò tí ìtàn rẹ̀ bá sọnù kò yàtọ̀ sí àrokò tí kò sí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pá tí àwọn agbẹnusọ ọba Aṣáńtì máa ń mú dání jẹ́ àpẹẹrẹ. Ère wúrà orí rẹ̀ máa ń dúró fún òwe. Ọwọ́ tó di ẹyin mú, bí àpẹẹrẹ, ń kìlọ̀ nípa agbára: ẹni tó bá fún un jù yóò fọ́ ọ, ẹni tó bá dẹ ọwọ́ yóò jẹ́ kó já bọ́. Ẹni tí kò mọ òwe náà, wúrà lásán ló rí.

Ní ọdún 1964 ni ìwé rẹ̀, Panoply of Ghana, jáde. Ó ṣàlàyé ọ̀ṣọ́ àti ohun èlò oyè: àpótí, àga, idà, agboòrùn, aṣọ àti wúrà. Ní ọdún 1966, ohun èlò ọba Aṣáńtì, ìtàn wọn àti iṣẹ́ wọn ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Oxford. Ó tún kọ̀wé nípa ìjọba àti ayẹyẹ nílẹ̀ Aṣáńtì, àti nípa ìgbésí ayé Prempeh Kejì, tó wàjà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970.

Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Ní gbogbo ọjọ́ 42, lọ́jọ́ Àìkú, Asantehene máa ń jókòó ní gbangba ní Manhyia fún ọdún Akwasidae. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí ti máa ń jáde pọ̀, láti kente dé agboòrùn, láti idà dé ìlù.

Ní ọdún 2024, àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn tí ogun kó ààfin, British Museum àti Victoria and Albert Museum gbé ohun èlò 32 wá sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia. Àwìn ni wọ́n yá Kumasi, wọn kò dá wọn padà pátápátá. Ní ọdún kan náà ni Fowler Museum ní Los Angeles dá ohun méje padà, àwọn ìyẹn sì ti di ti Kumasi pátápátá.

Kyerematen kò rí ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ohun náà dé, wọn kò dé ìlú tí kò mọ̀ wọ́n mọ́. Àwọn tó mọ orúkọ wọn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì lè ṣe irú wọn.