Théodore Tuffier, Oníṣẹ́ Abẹ tó Fi Ìlà Ìbàdí Sílẹ̀ fún Wa

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ wá ibi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yóò gbà wọlé lára aboyún kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọ̀gá mi rọra fa ìka mi sọ̀ kalẹ̀ sí àlàfo tó tẹ̀ lé e. Mo ti ga jù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìlà tí mo rò pé mo ti mọ̀ tán.

Ọdún 1857 ni wọ́n bí Tuffier ní Bellême, ní ilẹ̀ Faransé, ó sì di oníṣẹ́ abẹ ní Paris. Ní 1891, ó gé òkè ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn kan tí ikọ́ ife ń bá jà, onítọ̀hún sì yè é.

Ní 1898, August Bier ní ìlú Kiel, ní Jámánì, fa kokéènì sínú omi ẹ̀yìn aláìsàn kí ó tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní 1899, Tuffier bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Paris, ó sì tan ìmọ̀ náà kálẹ̀.

Ibi tí a óò gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ wà. Lára àgbàlagbà, mùdùnmúdùn ọ̀pá-ẹ̀yìn sábà máa ń parí sí L1 tàbí L2. Ìlà Tuffier so téńté eegun ìbàdí méjèèjì pọ̀, ó sì ń gba orí L4 tàbí àlàfo L4 sí L5 kọjá. Ó tún kọ́ni pé kí a má fa oògùn sí i títí omi ẹ̀yìn yóò fi hàn kedere.

Ó kú ní 1929, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ kò kú. Síbẹ̀, ẹran ara a máa tan ìka jẹ, pàápàá lára aboyún àti ẹni tó sanra. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2000, wọ́n fi MRI yẹ àlàfo tí àwọn akunilóorun fọwọ́ wá lẹ́yìn èèyàn 100 wò. Ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló tọ̀nà. Nǹkan bí ìdajì ló fi àlàfo kan ga jù.

Nítorí náà, bí mo bá ti rí ìlà náà, mo máa ń tún un kà. Bí ó bá rú mi lójú, àlàfo ìsàlẹ̀ ni mo ń yàn. Ẹni tó tẹ̀ síwájú, tó kọ ẹ̀yìn sí wa, kò lè rí ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe.