Harry Cohn, Ọ̀gá Sinimá ní Àdúgbò Òtòṣì

Bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ti rí obìnrin tí ó gbé ògùṣọ̀ sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Columbia. Èmi náà ti rò rí pé inú ọlá ni a bí ilé-iṣẹ́ yìí sí. Rárá o.

Ọmọ télọ̀ ni Harry Cohn. Inú ìdílé Júù ni wọ́n bí i sí ní New York ní 1891. Ó ṣe kọndọ́kítọ̀ rí, ó sì bá àwọn tí ń ta ìwé orin ṣiṣẹ́. Òun, Jack ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Joe Brandt ni wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ C.B.C. sílẹ̀. Àwọn méjì yòókù dúró ti owó ní New York; Harry lọ ń ṣe fíìmù ní Gower Street ní Hollywood, níbi tí àwọn aṣefíìmù tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Àdúgbò Òtòṣì. Àwọn ẹlẹ́yà ní ẹran oníyọ̀ àti kábéèjì ni lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún. Ní oṣù kìíní 1924, wọ́n yí orúkọ padà sí Columbia.

Ahun ni Harry. Bí wọ́n tilẹ̀ ya ìran kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò fẹ́ kí wọ́n fọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Frank Capra, tí ó gbà síṣẹ́ ní 1927, wá ọgbọ́n dá sí i: kò ní pa kámẹ́rà, yóò kàn ní kí àwọn òṣèré tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì di ẹyọ kan! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní gbọ̀ngàn sinimá tiwọn, gbèsè ni ọ̀pọ̀ sì fi rà á. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, gbọ̀ngàn ṣófo, gbèsè kò lọ. Columbia kò ní gbọ̀ngàn kankan. Àìní yìí ni ó kó o yọ.

Ṣùgbọ́n ilé kò tòrò. Ní 1932, Jack àti Brandt dìtẹ̀ láti yọ Harry. Ọmọ ìyá rẹ̀ o! Harry gbọ́, ó ra ìpín Brandt ní dọ́là 500,000, ó sì jókòó sórí àga ààrẹ. Abẹ́ àbúrò ni Jack wà títí ó fi kú ní 1956.

Ní 1934 ni Capra ṣe It Happened One Night. Clark Gable tí ó kó ipa ọkùnrin nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ MGM ni wọ́n ti yá a. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn Oscar márùn-ún tó ga jù lọ, èyí tí fíìmù kankan kò ṣe rí.

N kò ní yìn ín kọjá bó ti yẹ. Ó ṣèbẹ̀wò sí Mussolini ní Ítálì ní 1933, nígbà tí ó sì dé, ó ní kí wọ́n kọ́ ọ́fíìsì òun bíi tirẹ̀, kí àlejò rìn títí kó tó dé iwájú tábìlì. Ẹ̀rù rẹ̀ ba òṣìṣẹ́ púpọ̀.

Ó kú ní Phoenix ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 1958. Inú ilé tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní Gower Street ni wọ́n ti ṣe ètò ìsìnkú rẹ̀.