AMUNDSEN ÀTI BÀTÀ TÓ GBÉ E DÉ ÌPẸ̀KUN GÚÚSÙ

Nínú gbogbo akọni tí a ti ń sọ ìtàn wọn lójú ewé yìí, kò sí èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí tiwa bí ti ẹni tí a fẹ́ sọ yìí. Roald Amundsen ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni. Òun ni aṣáájú àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tó fi ẹsẹ̀ tẹ Ìpẹ̀kun Gúúsù ayé, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1911. Ìwé pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ń sọ ti àwọn ajá rẹ̀, àwọn kan ń sọ ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, àwọn mìíràn ń sọ bí òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe du ọ̀nà náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwa fẹ́ sọ ti bàtà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wa tó ń bọ Orí kì í yọ Ẹsẹ̀ sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí orí bá yàn, ẹsẹ̀ ni yóò rìn dé ibẹ̀.

Wọ́n bí Amundsen ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1872, ní Borge, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nọ́wè. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀. Bàbá náà kú ní ọdún 1886, nígbà tí ọmọ wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyá rẹ̀ ní dókítà ni ó gbọ́dọ̀ dà. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti yan iṣẹ́ fún kí ẹ tó mọ ìwé kà, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Amundsen kò jiyàn. Ó wọ yunifásítì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ìyá kú ní ọdún 1893, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò ní yunifásítì, ó sì kọjú sí ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré.

Ìwé ló kó ìyẹn sí i lórí. Ó ti ka ìtàn John Franklin, ọ̀gágun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rìn nínú yìnyín àríwá Kánádà láti ọdún 1819 sí 1822. Ebi pa Franklin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ débi pé awọ bàtà wọn ni wọ́n ń jẹ. Ọmọ mìíràn ì bá ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kó dúpẹ́ pé ilé ni òun wà. Amundsen kà á, ó ní òun náà fẹ́ lọ.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun kan. Ní Nọ́wè, yìnyín a máa bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá kàn fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ lè rì dé orúnkún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tí wọ́n ń so ó mọ́ abẹ́ bàtà, tí wọ́n sì ń fi í yọ̀ lọ. Pákó yìí ni síkì. Ọmọdé ibẹ̀ ń lò ó bí ọmọdé tiwa ṣe ń gba bọ́ọ̀lù. Bàtà rẹ̀ ni ìṣòro. Àtẹ́lẹ̀ bàtà náà gbọ́dọ̀ le, kí ìdè tó so síkì mọ́ ọn lè dì í mú. Ṣùgbọ́n bí bàtà bá le tó sì há, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè ṣàn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, òtútù yóò sì sọ ẹran ara di òkúta. Bí ó bá gbòòrò jù, gìgísẹ̀ yóò máa gbo nínú rẹ̀ títí yóò fi bó. Bí òógùn bá rin ìbọ̀sẹ̀, òógùn náà yóò dì gbagidi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ń lọ fún wákàtí kan tó sì ń padà sídìí iná lè fara dà á. Ẹni tó ń lọ fún oṣù mẹ́ta kò lè fara dà á.

Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Òkè-Ọya a máa ń fi ọyẹ́ yangàn sí àwọn ará ilé tó wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹni tó bá ti fi omi tútù wẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní àárọ̀ oṣù Kìn-ín-ní, ó ní ohun tí yóò sọ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tiwa kò tíì sọ omi inú garawa di yìnyín. Ibi tí Amundsen lọ, òtútù ibẹ̀ a máa wálẹ̀ ju ìwọ̀n 50 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ní ọdún 1897 ó bá àwọn ará Bẹ́líjíọ̀mù lọ sí ilẹ̀ Antarctica nínú ọkọ̀ Belgica. Yìnyín há ọkọ̀ náà mọ́ fún bí ọdún kan. Àìsàn àìrí oúnjẹ tútù jẹ dé bá wọn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kú tán, àfi ìgbà tí dókítà wọn, Frederick Cook, mú kí wọ́n máa jẹ ẹran séálì àti ẹran ẹyẹ pẹngúìnì. Ibẹ̀ ni Amundsen ti kọ́ pé a kì í rin irú ìrìn yìí kí a fojú kéré ohunkóhun.

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù ni èyí tó gbà láàárín ọdún 1903 sí 1906. Òun àti ènìyàn mẹ́fà wọ ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Gjøa, wọ́n gba òkè Kánádà kọjá láti òkun Àtìláńtíìkì dé òkun Pàsífíìkì. Kò sí ọkọ̀ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lójú ọ̀nà, ó dúró fún bí ọdún méjì ní erékùṣù King William, ní àárín àwọn Netsilik. Àwọn Òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà ka irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí ara oko. Amundsen sọ ara rẹ̀ di akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ó rí i pé aṣọ awọ ẹran tí wọ́n ń wọ̀ kì í fún wọn lára, ó máa ń ṣe gbagẹrẹ kí atẹ́gùn gbígbóná lè wà láàárín aṣọ àti ara. Ó rí i pé bàtà wọn rọ̀, pé ẹsẹ̀ ń mí nínú rẹ̀. Ó wọ tiwọn, ó bọ́ ti Òyìnbó sílẹ̀. Ní tiwa, ìwà yìí nìkan tó láti fi í sínú ìwé ìròyìn wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ojú ń tì láti béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò kàwé tó wa.

Ìpẹ̀kun Àríwá ló ń múra àti lọ lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n ní ọdún 1909 ìròyìn kàn pé Cook àti Robert Peary, oníkálukú wọn, ní òun ti débẹ̀. Amundsen yí ọkọ̀ rẹ̀ padà sí gúúsù láìsọ fún ẹnikẹ́ni àfi àwọn díẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1910 ni àwọn atukọ̀ rẹ̀ tó gbọ́, ní erékùṣù Màdéírà. Robert Falcon Scott, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti wà lọ́nà ibẹ̀ ní tirẹ̀. Báyìí ni eré ìje bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1911 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Antarctica. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kọ́ ilé pákó kan, wọ́n pè é ní Framheim, láti ara orúkọ ọkọ̀ wọn Fram. Láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin wọ́n ń kó oúnjẹ lọ ṣájú, wọ́n ń to ó jọ sójú ọ̀nà. Ìrìn yìí ló tú àṣírí bàtà. Bàtà síkì tí wọ́n gbé ti Nọ́wè wá le jù, ó sì há. Bí wọ́n bá wọ ìbọ̀sẹ̀ tó pọ̀ tó, ẹsẹ̀ kò wọlé. Bí wọ́n bá dín in kù, òtútù wọlé.

Oòrùn wọ̀ ní oṣù Kẹrin, kò sì tún yọ títí di oṣù Kẹjọ. Nínú òkùnkùn yẹn ni wọ́n gbẹ́ yàrá sínú yìnyín, tí wọ́n sì sọ wọ́n di ibi iṣẹ́. Olav Bjaaland tó jẹ́ káfíńtà ń fá àwọn ọkọ̀ tí ajá yóò wọ́ kí wọ́n lè fúyẹ́. Oscar Wisting jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàtà ni wọ́n ń tú. Wọ́n tú ojú rírán rẹ̀, wọ́n yọ lára àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí àyè lè gba ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, wọ́n tún un rán, wọ́n wọ̀ ọ́ wò, wọ́n tún tú u. Àtẹ́lẹ̀ ní láti le síbẹ̀ nítorí síkì, òkè bàtà ní láti rọ̀ nítorí ẹsẹ̀. Wọ́n tún ní oríṣi bàtà mìíràn tí awọ rẹ̀ rọ̀, tí wọ́n kọ́ lára àwọn Sámì ilé wọn, èyí tí a máa ń kó koríko gbígbẹ sínú rẹ̀ dípò ìbọ̀sẹ̀ kí ó lè fa omi ara mu. Àwọn aláṣejù ni ẹ ó rò pé wọ́n jẹ́, àgbàlagbà mẹ́sàn-án nínú ihò yìnyín, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò ju bàtà lọ.

Ibi tó dùn wá jù nínú ìtàn yìí la dé wàyí. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Amundsen tó ní sùúrù fún bàtà kò ní sùúrù fún ojú ọjọ́. Scott ní ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì tó ń rìn lórí yìnyín, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì jẹ́ kí Amundsen sùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, kí òtútù tó rọlẹ̀, ó kó ènìyàn méje sẹ́yìn, ó ní ó yá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ òtútù dé ìwọ̀n 56 sí ìsàlẹ̀ òdo. Wọ́n já ẹrù sílẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́rí padà. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń wọlé, Amundsen fi ọkọ̀ tó yára jù sáré lọ níwájú, ó fi àwọn tó kù sẹ́yìn. Òtútù ti jẹ Kristian Prestrud ní gìgísẹ̀, kò lè rìn dáadáa. Hjalmar Johansen ló dúró dè é, òun ló sì mú un délé lọ́gànjọ́ òru.

Johansen kì í ṣe ọmọdé. Òun àti Fridtjof Nansen ni wọ́n jọ rìn lórí yìnyín àríwá ní ọdún 1895, tí wọ́n dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó bá olórí wí lójú gbogbo ènìyàn. Amundsen kò dáríjì. Ó yọ Johansen kúrò nínú àwọn tí yóò lọ sí Ìpẹ̀kun Gúúsù, ó ní kí Prestrud tó jẹ́ ọmọdé sí i nínú irú iṣẹ́ yìí ṣe olórí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Johansen padà sí Nọ́wè láìsí iyì kankan, ó sì pa ara rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1913. A mọ̀ pé ọtí ti ń bá a jà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, Johansen ló jàre. Ẹni tó bá olórí wí nítorí ẹsẹ̀ ọmọlàkejì kò ṣẹ̀.

Wọ́n tún gbé bàtà sílẹ̀ kí wọ́n tún un tú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, Amundsen, Bjaaland, Wisting, Helmer Hanssen àti Sverre Hassel gbéra, pẹ̀lú ajá 52 àti ọkọ̀ mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí bàtà gba ẹsẹ̀. Wọ́n gun òkè yìnyín ńlá, wọ́n pa ọ̀pọ̀ lára àwọn ajá wọn fún oúnjẹ, èyí tí kò dùn ún gbọ́, wọ́n sì dé Ìpẹ̀kun Gúúsù. Wọ́n fi àgọ́ kékeré kan àti àsíá sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ 99 ni wọ́n fi lọ tí wọ́n fi bọ̀, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 3,000. Àwọn márààrún ló padà dé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1912, pẹ̀lú ajá 11.

Scott àti ènìyàn mẹ́rin dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1912, wọ́n bá àgọ́ náà. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó délé. Òtútù jẹ Lawrence Oates lẹ́sẹ̀ débi pé ó dìde kúrò nínú àgọ́, ó wọ inú ìjì lọ, kí ó má baà dá àwọn yòókù dúró. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló pa wọ́n, ebi wà níbẹ̀, àárẹ̀ wà níbẹ̀, òtútù náà kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ayé Amundsen kò rọrùn. Ó fi ọkọ̀ Maud gba òkè Rọ́ṣíà kọjá láàárín ọdún 1918 sí 1920. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn títí ilé ẹjọ́ fi kéde rẹ̀ ní ọdún 1924 pé kò lè san án. Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 1926, òun àti Umberto Nobile, ará Ítálì, wọ bàlúù Norge kọjá lórí Ìpẹ̀kun Àríwá, Wisting sì wà pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ni òun àti Nobile jà, wọ́n ń bú ara wọn ní gbangba. Ní ọdún 1928 bàlúù Nobile mìíràn já lulẹ̀ sórí yìnyín. Amundsen kò ní kí wọ́n lọ pe ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ó wọ ọkọ̀ òfuurufú Latham 47 ní Tromsø láti lọ wá ọ̀tá rẹ̀. Àwọn mìíràn rí Nobile láàyè. Ti Amundsen, ohun kan tó léfòó láti abẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n rí lójú omi ní òpin oṣù Kẹjọ. Títí di òní, wọn kò rí òkú rẹ̀.